Ẹni tó ń ra adìyẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe sìn ín

Nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yà sí ọjà àgbò ní Sakété tàbí ní Pobè, ẹ ó rí bí oníbàárà ṣe ń ṣe. Kò sí baálé ilé tó máa kàn ka owó lé ọlọ́jà lọ́wọ́ kó sì fa àgbò lọ. Á kọ́kọ́ yí i po. Á ya ẹnu rẹ̀ wo eyín, á fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá egungun nìkan ló kù níbẹ̀, á ní kí wọ́n fà á lọ fà á bọ̀ kí òun rí i bóyá ó ń tiro. Bí ojú rẹ̀ kan bá fọ́, kò rà. Bí ó bá ń wúkọ́, kò rà. Ẹni tó ń tà á mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi ti ń fún àgbò náà ní ewé àti èèpo ẹ̀gẹ́ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tó sì so ó mọ́ ìdí igi níbi tí oòrùn kò ti ní pa á. Ẹ̀sìn ló là á sílẹ̀ pé ẹran tó fọ́jú, tó yarọ, tó ń ṣàìsàn tàbí tó rù kan egungun kò yẹ fún Iléyá, ṣùgbọ́n oníbàárà ló ń mú òfin náà ṣẹ lọ́jà.

Adìyẹ kò ní irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Ẹyin tí a fi jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, itan adìyẹ oníyìnyín tí a rà ní kílò kan nígbà tí a ń bọ̀ láti Ìgólò, iye tó jẹ́ nìkan là ń béèrè. Ibi tí wọ́n ti sìn ín, iye ọjọ́ tó lò láyé, bóyá ó na apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kí wọ́n tó pa á, kò sẹ́ni tó kàn. Lójú tiwa, àkókò ti tó kí á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Kì í sì í ṣe lọ́wọ́ ìyá àgbà tó ń sin adìyẹ mẹ́wàá ní ẹ̀yìnkùlé la ó ti béèrè. Ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ta oúnjẹ fún wa la dojú ọ̀rọ̀ kọ.

Ní ilẹ̀ àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń béèrè. Ní 1964, obìnrin ará Ìlú Ọba kan tó ń jẹ́ Ruth Harrison tẹ ìwé kan jáde, Animal Machines, ó fi sọ fún àwọn ènìyàn ohun tó ń lọ nínú ilé adìyẹ àti ilé ọmọ màlúù tí wọn kì í rí láti ojú ọ̀nà. Ariwo náà pọ̀ débi pé ìjọba Bìrìtéènì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Brambell ṣe alága rẹ̀. Ní 1965, ìgbìmọ̀ náà sọ pé ó kéré tán, ẹran ọ̀sìn gbọ́dọ̀ lè dìde, kó lè dùbúlẹ̀, kó lè yí padà, kó lè tún ara rẹ̀ ṣe, kó sì lè na ẹsẹ̀ na apá. Ohun tí kò yẹ kó nílò ìgbìmọ̀ rárá nìyẹn. Síbẹ̀, ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ló gbà kí ìlànà tó jọ bẹ́ẹ̀ tó di dandan ní Yúróòpù fún adìyẹ tó ń yé ẹyin. Òfin tó lé àgò onírin lásán jáde ni wọ́n fọwọ́ sí ní 1999, wọ́n sì fún àwọn olóko títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012 kí wọ́n fi palẹ̀ mọ́.

Bí ìjọba ṣe ń falẹ̀ tó nìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ yára díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìtìjú ni wọ́n fi tì wọ́n dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀ràn McDonald's, ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ńlá ti àwọn ará Amẹ́ríkà, torí pé ó kún fún ẹ̀kọ́.

Àwọn ènìyàn méjì kan ní London, Helen Steel àti Dave Morris, wà lára àwọn tó ń pín ìwé pélébé kan kiri tó ń bú ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kì í sanwó tó dáa, wọ́n ní oúnjẹ rẹ̀ kò ṣara lóore, wọ́n ní ìyà ló fi ń jẹ ẹran. Dípò kí ilé-iṣẹ́ náà fojú fò wọ́n dá, ó pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́. Àwọn méjèèjì kò lówó agbẹjọ́rò, wọ́n bá ń gba ẹjọ́ ara wọn rò. Ẹjọ́ náà di èyí tó gùn jù lọ nínú ìtàn ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Adájọ́ Bell ka ìdájọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1997, ó dá àwọn méjèèjì lẹ́bi lórí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ, ó ní kí wọ́n sanwó ìtanràn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, ó sọ ọ́ kedere pé McDonald's náà lẹ́bi nínú ìwà ìkà tí wọ́n ń hù sí díẹ̀ nínú àwọn adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń sìn fún un. Ẹni tó gbé ẹjọ́ lọ ló gba ẹ̀bi bọ̀ wálé. Owó ìtanràn náà, kò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 2000, McDonald's ní Amẹ́ríkà sọ fún àwọn tó ń ta ẹyin fún un pé adìyẹ kọ̀ọ̀kan nínú àgò gbọ́dọ̀ ní àyè tó tó ìnṣì 72 níbùú-lóròó. Ẹ má rò pé ọ̀làwọ́ ni. Ìwé funfun kan tí akọ̀wé fi ń tẹ lẹ́tà fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ti ṣí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ náà ṣèlérí pé láàárín ọdún mẹ́wàá, kò ní ra ẹyin adìyẹ inú àgò mọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Bíi bílíọ̀nù méjì ẹyin ló ń rà lọ́dún ní Amẹ́ríkà nìkan nígbà náà. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó kéde pé òun ti mú ìlérí ti Amẹ́ríkà ṣẹ. Ẹni tó ń ra bílíọ̀nù méjì ẹyin kò nílò òfin kankan. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lásán ni olóko ń gbọ́ tó fi ń tú àgò ká.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ kan náà ti ṣèlérí pé láàárín ọdún mẹ́wàá, òun yóò jáwọ́ nínú ríra ẹran lọ́dọ̀ àwọn tó ń há abo ẹlẹ́dẹ̀ tó lóyún mọ́ inú àgò tí kò ti lè yí padà. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá náà pé, Carl Icahn, olówó ńlá tó máa ń gbógun ti àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tórí owó, dìde pé wọn kò mú ìlérí náà ṣẹ bó ṣe yẹ. Igba ìpín péré ló ní nínú ilé-iṣẹ́ náà. Ó fi ènìyàn méjì sílẹ̀ fún ìbò ìgbìmọ̀ olùdarí, ó sì fìdí rẹmi pátápátá. Ibi tí òun ti kùnà ni àwọn olùdìbò California ti ṣàṣeyọrí: òfin tí wọ́n dìbò fún ní 2018, tó ní kí wọ́n má ta ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ẹyin tó wá láti irú àgò bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, ni àwọn onísòwò ẹlẹ́dẹ̀ gbé dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ náà sì fọwọ́ sí òfin ọ̀hún ní oṣù karùn-ún ọdún 2023.

Ìlérí ilé-iṣẹ́ kì í pẹ́ ṣá bí kò bá sí ẹni tó ń sọ́ ọ. KFC ní Bìrìtéènì fọwọ́ sí ìwé ní 2019 pé tó bá máa fi di 2026, irú adìyẹ tí kì í yára dàgbà jù ni òun yóò máa tà. Nando's náà fọwọ́ sí i. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn bíi tiwọn ní àwọn kò lè mú un ṣẹ mọ́, wọ́n ní owó rẹ̀ pọ̀, wọ́n ní adìyẹ tó bá pẹ́ láyé ń jẹ oúnjẹ jù, èyí kò sì dára fún àyíká. Àwọn aláṣẹ ìjọba náà kò sàn jù wọ́n lọ. Ènìyàn bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbàá lọ́nà igba ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí Yúróòpù gbé gbogbo àgò kúrò. Ní 2021, àwọn aláṣẹ ní Brussels ṣèlérí pé àbá òfin yóò jáde kí ọdún 2023 tó parí. Ọdún náà parí, òfin kò jáde.

Ibo ni ọ̀rọ̀ wá kàn wá, àwa tí a wà láàárín Àjàṣẹ́ àti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀?

Ó kàn wá ní ojú ọ̀nà Ìgólò tó lọ sí ẹnubodè Nàìjíríà. Láti ìgbà tí ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti fòfin de adìyẹ oníyìnyín láti ìta (òun fúnra rẹ̀ sì ní oko adìyẹ ńlá ní Ọ̀tà, tí kò jìnnà sí ẹnubodè wa), Kútọnu ti di ẹnu ọ̀nà tí irú adìyẹ bẹ́ẹ̀ ń gbà wọ Nàìjíríà. Ó ń gúnlẹ̀ sí èbúté láti Yúróòpù, láti Brazil, láti Amẹ́ríkà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ là ń jẹ. Èyí tó pọ̀ jù ń gba ọ̀nà oko kọjá lórí alùpùpù àwọn onífàyàwọ́, nínú páálí tí omi ń ro lábẹ́ rẹ̀, lójú oòrùn ọ̀sán, títí yóò fi dé Ìdí-Ìrókò àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo bí òwò náà ṣe tóbi tó: Sébastien Ajavon, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí kíkó adìyẹ oníyìnyín wọlé, ló ṣe ipò kẹta nínú ìdìbò ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ ní 2016. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, àwọn ará Ìgólò, Sakété àti Pobè kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn bí okùn náà ṣe so mọ́ ọrùn gbogbo wa.

Kí ló dé tí itan náà fi pọ́ọ́kú? Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fẹ́ràn igẹ̀ adìyẹ. Igẹ̀ ni wọ́n ti ń rí èrè. Itan, apá, ọrùn àti ìdí jẹ́ ìyókù tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò tà á sí, iye yòówù kó mú wá, èrè ni. Adìyẹ tí ìyókù rẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa kì í sì í ṣe irú èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà sin oríṣi adìyẹ mẹ́ta pa pọ̀, wọ́n fún gbogbo wọn ní oúnjẹ kan náà: ọ̀kan jẹ́ irú tó wà ní 1957, ìkejì ti 1978, ìkẹta ti 2005. Nígbà tí wọ́n pé ọjọ́ 56, ti 1957 wọn gíráàmù 905. Ti 2005 wọn gíráàmù 4,202. Ẹsẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ kò dàgbà bá ẹran ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lè rìn dáadáa kí ọjọ́ ikú wọn tó pé, wọ́n á kàn jókòó sórí ìgbẹ́ ara wọn nínú ilé tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wà. Bí a bá mú irú àgbò bẹ́ẹ̀ wá sí ọjà Iléyá, kò ní tà.

Ìlérí tí ilé-iṣẹ́ bá ṣe fún oníbàárà London tàbí Paris, àwọn tó béèrè ló ṣe é fún. Kò sí nínú páálí tí wọ́n ń já ní Kútọnu. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ fún wa. Nígbà tí Nestlé, tí a mọ̀ nílé gbogbo nítorí Maggi, ṣèlérí ní 2017 pé òun yóò jáwọ́ nínú lílo ẹyin adìyẹ inú àgò, òpin 2020 ló fún Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó sì sún ọ̀pọ̀ ibi yòókù láyé sí 2025. Ilé-iṣẹ́ Yum!, tó ni KFC, tó sì ti ń tajà ní Nàìjíríà láti 2009, sọ ní 2021 pé 2026 ni fún àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, ó ní kí àwọn tó kù dúró de 2030. Kì í ṣe pé adìyẹ Áfíríkà le ju ti Jámánì lọ. Ariwo tiwa ni kò tíì tó.

Ibì kan tún wà tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń ta ohun èlò ọ̀sìn ń bá àwọn ọ̀dọ́ wa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ di olóko gidi, kí wọ́n ra àgò onírin. Lọ́dọ̀ àwọn ará Ògùn àti Ọ̀yọ́ lódìkejì ẹnubodè, àgò ti gbilẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò bá tíì wọ ilé adìyẹ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Àgò wà lórí àgò, ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bíi pẹpẹ ìsọ̀. Adìyẹ mẹ́ta sí mẹ́rin wà nínú ìhò kan, ọ̀kan kò lè na apá láì fi gbá èkejì lójú. Wáyà ni ilẹ̀ rẹ̀, ó sì dagun kí ẹyin lè yí wá síwájú fúnra rẹ̀, èyí túmọ̀ sí pé láti àárọ̀ dé alẹ́, fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, adìyẹ náà ń dúró lórí wáyà tó dagun. Ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ti họ níbi tó ti ń yọ orí jáde jẹun. Wọ́n ti fi irin gbígbóná gé ẹnu rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, kó má baà ṣá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, nítorí pé adìyẹ tí kò rílẹ̀ tàn, ara ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa tàn. Kò ní wẹ̀ nínú eruku láyé rẹ̀. Kò ní wá ìtẹ́ yé ẹyin sí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ti sin adìyẹ mọ bí àgbébọ̀ ṣe máa ń wá kọ̀rọ̀ kiri, tí yóò máa ké, tí kò ní fara balẹ̀ títí yóò fi rí ibi tó dákẹ́.

Àwọn oníṣòwò àgò máa ń fi ẹ̀rù àrùn tà á. Wọ́n ní adìyẹ inú àgò kì í kó àrùn bíi ti èyí tó ń rìn nílẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí pé adìyẹ tí kò tẹ ìgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn kòkòrò inú kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 2006. Oko tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn lukuluku àwọn ẹyẹ, H5N1, ní gbogbo Áfíríkà, ní Jaji ní ìpínlẹ̀ Kaduna, oko ńlá ni, adìyẹ tó tó 46,000 ló wà níbẹ̀, inú àgò ni wọ́n sì wà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àrùn náà dé ọ̀dọ̀ tiwa, ní Adjarra nítòsí Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnu. Kò mọ àgò, kò mọ ẹ̀yìnkùlé. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni kí wọ́n má jẹ́ kí ẹni tó ń ti ọjà bọ̀ wọ ilé adìyẹ pẹ̀lú bàtà rẹ̀, kí wọ́n tètè pe dókítà ẹran, kí wọ́n má sì ta òkú adìyẹ. Wáyà kò ní ṣe èyíkéyìí nínú ìyẹn.

Bí a ṣe ń bá ilé-iṣẹ́ wí, kò yẹ ká fi tiwa pa mọ́. Lọ́jọ́ ọjà, ẹ dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà tó ti Pobè wá sí Sakété. Zẹ́mìjáàn kan á kọjá, adìyẹ ìbílẹ̀ bí ogún ló so ní ẹsẹ̀ mọ́ ọwọ́ alùpùpù àti mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, orí wọn dorí kodò, ẹnu wọn là, apá wọn ṣí sílẹ̀, eruku àti èéfín ń wọ̀ wọ́n lójú. Òmíràn ti kú kó tó dé. Ẹni tó ń gbé e kì í ṣe ìkà ènìyàn. Bí wọ́n ṣe ń gbé e láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bá a sọ ọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ agbọ̀n ọ̀pẹ tí àwọn àgbà ń hun kò tíì parun ní ìlú tó ní ọ̀pẹ tó tiwa. Agbọ̀n tó ní ìdérí, adìyẹ mẹ́wàá nínú rẹ̀, kò ní kí alùpùpù má sáré. Àwọn ìmáàmù wa mọ̀ pé ẹ̀sìn ti pa á láṣẹ pé kí apẹran pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ dáadáa, kó má sì fi ọ̀bẹ han ẹran tí yóò pa. Ẹ̀sìn tó ro ti ìṣẹ́jú ìkẹyìn báyìí kò lè sọ pé wákàtí mẹ́ta tí adìyẹ lò ní dídorí kodò kò kan òun. Ìwàásù Jímọ́ọ̀ kan lórí èyí yóò ṣe ju ọ̀rọ̀ olóòtú wa lọ.

Àwọn kan á sọ pé ebi ń pa ènìyàn, ẹ ń sọ ti adìyẹ. A gbọ́. Ẹyin adìyẹ tí kò sí nínú àgò máa ń wọ́n díẹ̀, nítorí pé ilé rẹ̀ gba àyè, ó sì gba ọwọ́ tí yóò máa ṣa ẹyin. Kò sí olóòótọ́ tó máa sẹ́ èyí. Ìdí gan-an nìyẹn tí a kò fi sọ pé kí ìyá tó ń ta ẹyin sísè ní ibùdókọ̀ lọ wá ẹyin olówó gọbọi. Adìyẹ tirẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ń rìn, ó ń tanlẹ̀, ó ń wẹ̀ nínú eruku. Ohun tó ń pa á ni àṣá àti àrùn tí ń gbá adìyẹ lọ lọ́wọ̀ọ́wọ́ nígbà ọ̀yẹ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló sì nílò, kì í ṣe ìbáwí. Ẹni tó lè san àfikún náà ni ilé-iṣẹ́ tó ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n, òtẹ́ẹ̀lì tó ń gba àwọn àlejò láti Kútọnu, àti ẹni tó ń kó páálí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọlé. Ọ̀dọ̀ wọn ni èrè náà ń lọ. Kí owó ìtọ́jú náà jáde láti ibẹ̀.

Kí ni a wá ń fẹ́? Àwọn aláṣẹ kọ̀múùnù Sakété àti Pobè ní agbára kan tí wọn kì í lò. Ọjà tí wọ́n ń rà lórúkọ kọ̀múùnù, oúnjẹ àpèjẹ àti ti ìpàdé, wọ́n lè kọ sínú ìwé àdéhùn pé ẹyin àti adìyẹ náà kò gbọ́dọ̀ wá láti inú àgò, àti pé inú agbọ̀n ni kí wọ́n gbé adìyẹ ààyè wá. Oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbé lé Àjọ Oúnjẹ Àgbáyé lọ́wọ́ láti 2017 náà kò yẹ kó yàtọ̀: ìgbàkígbà tí ẹyin bá máa wọ àwo ọmọ wa, kí oko tó ti wá wà ní ẹkùn Plateau yìí, kí adìyẹ rẹ̀ sì máa rìn nílẹ̀ tí wọ́n da èérún pákó sí. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ Songhai tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1985 ti fi han gbogbo Áfíríkà pé ìgbẹ́ adìyẹ lè di ìdin, ìdin lè di oúnjẹ ẹja, kò sì sí ohun tó yẹ kó ṣòfò lóko. Kò jìnnà sí wa. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ sin adìyẹ, kí ó lọ wo bí wọ́n ṣe ń so ohun gbogbo pọ̀ níbẹ̀ kó tó yá owó ra wáyà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó là ń tẹ̀ lé o. Gánà ló ṣíwájú àwọn orílẹ̀-èdè tó gbé ọ̀rọ̀ ìgbáyégbádùn ẹranko dé iwájú Àpéjọ Àyíká ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè ní Nairobi ní oṣù kẹta ọdún 2022, Senegal àti Burkina Faso wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn, àpéjọ náà sì gbà á wọlé. Àwọn aládùúgbò wa ni. Kò sí ìdí tí Bẹ̀nẹ̀ yóò fi máa wo ìran.

Ìjọba lè pẹ́, Yúróòpù tó lówó pàápàá pẹ́. Nítorí náà, ọwọ́ ẹ̀yin òǹkàwé wa la fi ọ̀rọ̀ yìí lé. Bí ẹ bá wọ ilé oúnjẹ ńlá ní Kútọnu tàbí ní Èkó, tí wọ́n gbé adìyẹ ka iwájú yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀ oko tó ti wá àti bóyá inú àgò ni. Bí kò bá mọ̀, ẹ ní kó lọ wádìí, kí ẹ sì tún béèrè nígbà tí ẹ bá padà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ àti ẹ̀gbọ́n ní Paris, London àti Houston, ẹ bá wọn sọ ọ́: àwọn ni wọ́n ń gbé nítòsí orílé-iṣẹ́ àwọn ẹni wọ̀nyí, kí wọ́n kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n bi wọ́n ìdí tí gbèdéke Áfíríkà fi ń gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá sì rí èsì gbà, kó fi ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ewé yìí, pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ tó fèsì àti èyí tó dákẹ́.